Oyin Tí Mo Ní Wọ́n Ṣí Lọ

Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aránṣọ ni. Agbádá àti jalamíà ló mọ̀ ọ́n rán jù, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú tí kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Àwa ọmọ tó wà ní Ọ̀yọ́ kì í pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ là ń pè é, àfi bí ẹni pé kò sí bàbá mìíràn ní gbogbo ìlú náà. Bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń rí. Ìkòkò amọ̀ kan ni, tó dùbúlẹ̀ sáàárín ẹ̀ka méjì lórí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí oyin ń wọlé tí wọ́n ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo pa oyin inú ìkòkò náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, nítorí àlàyé ni mo ti fi ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀.

Ìkòkò méje ló ní nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò sin oyin bí ẹni ń sin adìẹ, ó ń gbà wọ́n lálejò ni. Kó tó sún mọ́ igi, á dúró, á ní, "Àsàlámù àléékúmù. Ẹ kú ilé o." Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó ń fi "ẹ" kí kòkòrò bí ẹni ń kí àgbà. Ó ní, "Ṣé ẹyọ kan ni wọ́n ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó wọ ilé tó kún fún èèyàn kó ní "o kú ilé."

Ọ̀nà tó gbà ń tọ́jú wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń jẹ́ kí wọ́n lọ. Tí kòkòrò bá wọ inú afárá, tí èèrà bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, tàbí tí òdòdó bá tán nínú oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oyin ilẹ̀ wa kì í jókòó kú. Wọ́n á gbéra lọ́sàn-án gangan, gbogbo wọn á ṣú bo ojú ọ̀run, wọ́n á sì lọ. Ẹlòmíràn á máa lu páànù, á máa da iyẹ̀pẹ̀ sí wọn kí wọ́n lè balẹ̀. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ á kàn dúró, á máa wo ibi tí wọ́n kọjú sí. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ìkòkò kalẹ̀, yóò ha inú rẹ̀, yóò sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, yóò fi èèpo ọsàn gbígbẹ fín in. Yóò wá yọ́ ìda díẹ̀, yóò fi ìka pa á mọ́ inú rẹ̀ yíká, kí oyin lè gbóòórùn rẹ̀, yóò sì gbé e padà sórí igi. Ohun tó lé wọn jáde ti kú sóòrùn. Bí òjò bá dé, oyin á padà, bóyá àwọn ti tẹ́lẹ̀, bóyá ẹbí wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè káàdì lọ́wọ́ wọn. "Oyin kì í ṣe ewúrẹ́," ló máa ń wí, "a kì í so ó mọ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé, jẹ́ kó rí i gbà jáde."

Lásìkò Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí ohun gbogbo wọ́n bí ojú, mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ọ̀yọ́, mo ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Tíṣà wa kan fẹ́ràn ọ̀rọ̀ oyin bí ẹni fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó kà fún wa nínú ìwé kan tó ti òkè òkun wá pé eégbọn kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ara oyin, pupa rúsúrúsú, kò ju orí pínnì lọ, tó ń fa omi ara rẹ̀ mu, tó sì ń wọ inú afárá lọ bá àwọn ọmọ tí kò tíì jáde. Ó ní ó ń pa odindi agbo oyin run lọ́hùn-ún. Ó ní a ò tíì gbọ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n kí a la ojú sílẹ̀. Ó wá sọ ohun tí àwọn kan ń dán wò: kí wọ́n fín èéfín ewé tábà sínú ilé oyin ní ìwọ̀nba, kí wọ́n tẹ́ ìwé funfun sísàlẹ̀ kí eégbọn lè ṣubú sórí rẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ilé náà lójú ẹsẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú nóòtù. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ "eégbọn" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò fa ìlà kankan sábẹ́ "ìwọ̀nba," n kò sì fà á sábẹ́ "lójú ẹsẹ̀."

Nígbà ọlidé ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì mi, ìyá mi ránṣẹ́ pe Bàbá wá sí Ọ̀yọ́ kí wọ́n lè tọ́jú ojú rẹ̀. Òwú àti bọ́tìnnì ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán, oníbàárà rẹ̀ kan ló júwe dókítà ojú fún un. Wọ́n ní kí èmi lọ máa gbé ilé Bàbá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti túká, àfi obìnrin kan tó lọ́kọ sí àdúgbò kejì tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún un. Nínú ìkòkò méje, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí oyin wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe fídáù ìyàwó rẹ̀ ni àwọn oyin yẹn dé, wọn ò sì ṣí lọ rí láti ìgbà náà. Bí kò ṣe lè ránṣọ mọ́, tí kò lè wo ojú ìwé kéwú, ohun tó kù fún un láti ṣe lójoojúmọ́ ni kó lọ gbé etí lé ìkòkò náà. Ó ní òun mọ ohùn tí wọ́n ń lò tí ebi bá ń pa wọ́n, òun sì mọ èyí tí wọ́n ń lò tí inú wọn bá dùn.

Ọjọ́ tó ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ igi.

"Máa bá mi kí wọn láràárọ̀," ló wí. "Má ṣí ìkòkò wọn. Tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ, má dí wọn lọ́nà. Ṣáà wo ibi tí wọ́n kọjú sí, kó o lè sọ fún mi."

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Wọ́n ti kọ́ wa ní skúùlù."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n? Wọ́n ti ń kọ́ọ̀yàn bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan láìfọwọ́ kàn án ní skúùlù báyìí? Alihamudulilai."

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣe bó ṣe wí. Ní ọjọ́ kẹfà, oyin kan bà lé apá aṣọ mi. Mo tẹ ojú mọ́ ọn. Nǹkan pupa rúsúrúsú kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, láàárín ìyẹ́ méjèèjì, bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, mo ń ṣọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, mo tún rí òmíràn, mo tún rí òmíràn. Ẹ̀rù bà mí. Kí n má purọ́, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Inú mi dùn. Ohun tí tíṣà ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i! Mo ti ń rí ara mi níwájú kíláàsì, tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bí mo bá ti fi oyin kan ṣoṣo sínú páálí ìṣáná, kí n wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, kí n fi han tíṣà, ǹ bá ti padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ béèrè. Mo fẹ́ lọ ròyìn. Mo fẹ́ kí Bàbá dé, kí n sọ fún un pé oyin rẹ̀ ṣàìsàn, pé èmi ọmọ rẹ̀ ni mo wò wọ́n sàn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi, aṣọ kan ṣoṣo ni mo ní, nóòtù kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ Àlàmísì, kí oyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo fi amọ̀ tútù dí ẹnu ìkòkò, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí pèpéle símẹ́ńtì tí wọ́n ti ń fọṣọ, kí n lè ráyè ṣiṣẹ́. Mo wọ ṣòkòtò Bàbá, mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo orí. Nígbà tí ojú mọ́ tó láti ríran, mo dá ihò kékeré sí amọ̀ náà, mo ti ìwé funfun wọlé, mo fín èéfín ewé tábà díẹ̀ tí mo ti rà sílẹ̀ sí i. Nígbà tí mo fa ìwé yọ, eégbọn bíi mẹ́wàá wà lórí rẹ̀, wọ́n ń rá pálapàla. Mo fò sókè.

Ibi tó yẹ kí n dúró nìyẹn. Ká ní mo ṣí wọn sílẹ̀, wọ́n á bínú, wọ́n á ta mí, bóyá wọ́n á sì gbéra lọ. Ṣùgbọ́n mo yọjú wo ihò, mo rí i pé eégbọn ṣì kù lára àwọn tó wà nítòsí, ewé tábà sì ti tán lọ́wọ́ mi. Mo rò ó pé tí mo bá ṣí wọn báyìí, wọ́n á lọ, Bàbá á sì dé bá ìkòkò òfìfo. Mo bá fi amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà padà. Mo dí i dáadáa, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká. Mo ní kí n sáré dé ọjà Takie lọ ra tábà sí i.

Ìyá alátábà kò tíì pàtẹ. Wọ́n ní ó lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ, pé kí n dúró, kò ní pẹ́ dé. Mo lè yíjú padà sílé. Mo rí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé girama, tó ń kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀. Ó fún mi ní àpótí, ó ra ẹ̀pà, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn tíṣà wa àtijọ́, ta ló gbé ta níyàwó, ta ló sá kúrò nílùú. Ọ̀rọ̀ náà dùn, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Mo rántí ìkòkò lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, ṣebí ilé wọn ni wọ́n kúkú wà. Nígbà tí ìyá alátábà fi dé, oòrùn ti kàn àtàrí.

Mo wọ ẹ̀yìn ilé, n kò gbọ́ ohùn kankan. Bẹ́ẹ̀, ìkòkò yẹn, èèyàn kì í tíì dé abẹ́ igi tó fi ń gbọ́ ọ. Oòrùn ti kúrò lórí òrùlé, ó ti bọ́ sórí pèpéle gangan. Mo fọwọ́ kan ìkòkò náà, ó gbóná bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ìda yíyọ́ pẹ̀lú adùn oyin ń kán láti etí amọ̀ sórí símẹ́ńtì, èèrà ti tò débẹ̀. Mo fọ́ amọ̀ náà. Afárá ti yọ́, wọ́n ti já lulẹ̀ sínú ìkòkò. Oyin kì í fẹ́ ooru nínú ilé wọn, wọ́n máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn wọlé. Atẹ́gùn wo ni wọn ìbá fẹ́ nígbà tí mo ti dí ẹnu ọ̀nà? Ibẹ̀ ni wọ́n ṣùrù bò. Wọ́n ti pọ̀ gègèrè sójú ihò tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀, ara wọn rin gbingbin fún adùn oyin, kò sí ọ̀kan tó mira.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run forí jì mí, kì í ṣe oyin, kì í sì í ṣe Bàbá. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, kí ni mo máa sọ?

Mo kó wọn jáde pẹ̀lú ọwọ́, mo gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi, mo sin wọ́n. Mo fi mẹ́ta pa mọ́ sínú páálí ìṣáná. Mo fi omi gbígbóná fọ ìkòkò, mo fi kànhìnkànhìn gbo ó, mo fọ pèpéle, mo gbé ìkòkò padà sórí igi. Nígbà tí ọmọ Bàbá gbé oúnjẹ wá nírọ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ̀yìn ilé dákẹ́ o." Mo ní wọ́n ti ṣí lọ lọ́sàn-án. Bí irọ́ náà ṣe jáde nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni ti ń kọ́ ọ látàná.

Bàbá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú kan. Kò wọlé. Ó tọ ẹ̀yìn ilé lọ tààrà, ó fi ọwọ́ tọ́ ògiri. Ó kí wọn: "Àsàlámù àléékúmù. Ẹ kú ilé o. Mo dé o." Ó gbé etí lé ìkòkò. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Wọ́n ti ṣí lọ, Bàbá," ni mo wí.

"Ìgbà wo?"

"Àlàmísì ọ̀sẹ̀ kejì tó kọjá."

"Ṣé o ò dí wọn lọ́nà?"

"Rárá, Bàbá. Mo fi wọ́n sílẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá ọwọ́ mi, ó mú un. "O káre, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní lè ṣe é. O káre." Ó wá ní, "Ojú ibo ni wọ́n kọ sí?"

Mi ò tíì rò ó débẹ̀ yẹn. Mo ní, "Ọ̀nà Ìlọrin."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n lọ jẹ wàrà."

Nígbà tí a wọlé padà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo gbé páálí ìṣáná tọ tíṣà lọ. Mo ní mo bá wọn ní kíkú ni. Ó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo nǹkan pupa tó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, ó pè mí kí n wá wò ó pẹ̀lú. "Ka ẹsẹ̀ rẹ̀," ló wí. Mo kà á, ẹsẹ̀ mẹ́fà. "Eégbọn, mẹ́jọ ni tirẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí mo sọ fún yín. Ó kàn máa ń gun oyin kiri ni, ó ń bá a pín oúnjẹ lẹ́nu. Ó ti ń bá wọn gbé tipẹ́, kì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan." Ó yìn mí pé mo ní ojú àkíyèsí. Ó sọ ọ́ níwájú kíláàsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì jókòó, mo tẹjú mọ́ tábìlì.

Ọdún méjì ni Bàbá tún lò. Ojú tí wọ́n tọ́jú kò ju òjìji lọ tó ń rí. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, á ní kí wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀ fún òun, á fín in, á fi ìka pa ìda mọ́ inú rẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e padà. Oyin kankan ò dé. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, á sọ fún àlejò tó bá wà níbẹ̀ pé, "Ọmọ yìí ló jẹ́ kí oyin mi lọ ní àlàáfíà." Tí àlejò bá ti lọ, tó bá ku èmi àti òun, á rọra béèrè pé, "Ojú ibo lo ní wọ́n kọ sí ná?" Mo máa ń ní, "Ọ̀nà Ìlọrin, Bàbá." Á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Á dẹtí sí mi, bí ẹni ń retí nǹkan, kó tó yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rò pé ogbó ló ń mú un gbàgbé. Ọkùnrin tó ṣì rántí ìwọ̀n ọrùn ẹni tó rán agbádá fún lógún ọdún sẹ́yìn!

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ìkòkò náà fún mi, ó fi aṣọ wé e. Ó ní, "Bàbá ní ká gbé e fún ọ. Wọ́n ní ìwọ lo mọ ibi tí wọ́n lọ."

Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú mọ́tò títí a fi dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo délé, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìda tó fi ìka pa wà níbẹ̀, ó dán, ó yí inú ìkòkò ká. Ṣùgbọ́n ní apá òkè, lẹ́yìn ẹnu gan-an, ibi tí kànhìnkànhìn mi kò dé, ọwọ́ mi kan nǹkan. Ìda tó ti yọ́ rí, tó ṣàn, tó tún gan. Oyin mẹ́rin tàbí márùn-ún gan mọ́ inú rẹ̀. Ìda tuntun tí Bàbá fi pa ìkòkò kò kan ibẹ̀. Ó pa á dé etí rẹ̀, ó yà á sílẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ níhà kejì. Lọ́dọọdún ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka aránṣọ ni, ìka tó ń mọ ojú rírán nínú òkùnkùn. Kò sí bí kò ṣe ní mọ ohun tó fọwọ́ kàn, láti ọdún àkọ́kọ́.

Ó mọ̀. Ó mọ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń bi mí léèrè. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ogbó, ẹnu ọ̀nà ló ń ṣí sílẹ̀ fún mi, kí n lè gba ibẹ̀ jáde, èmi ni mo sì ń tì í padà lójú rẹ̀ lọ́dún méjèèjì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi délé, kò bá ẹni tí ì bá gbà á.

Ìkòkò náà wà lọ́dọ̀ mi. N kò gbé e sórí igi rí, n kò sì ha ìda yẹn kúrò. Láwọn àárọ̀ kan, mo máa ń dúró níwájú rẹ̀, mo máa ń dá ìbéèrè Bàbá lóhùn. Wọn ò kọjú síbì kankan, Bàbá. Mo dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn, mo lọ jẹ ẹ̀pà ní Takie.